Ẹ Wọn Ìdí Kí Ẹ Tó Ra Àga

Ìyá kan pè mí láti Ìláwẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọmọ wọn ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́. Ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé èló ni wọ́n ń ta àga onítáyà báyìí, kí wọ́n lè ti rà á sílẹ̀ kí ọmọ tó délé. Mo ní, "Mà, ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìdí rẹ̀ ná." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà ni mí, Ìkéré-Èkìtì ni mò ń gbé, orí àga onítáyà ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ mi láti ọdún mélòó kan báyìí. Ohun tí èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi fojú rí kí a tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe, ìdajì rẹ̀ kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Àìmọ̀ ló fà á, àti ìrànlọ́wọ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe láìbéèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe já bọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Òrùlé ilé kan là ń kàn, òjò ti rọ̀ mọ́jú, igi ń yọ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé èyí tí ìṣó rẹ̀ kò tíì wọlé tán. Ẹ̀yìn ni mo fi balẹ̀. Kò dùn mí tó bí ẹ ṣe lè rò. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo ń wo bàtà mi, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbúròó rẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn mi. Méjì di apá mi mú, méjì di ẹsẹ̀, wọ́n ká mi pọ̀ sẹ́yìn táksí kan, orí mi wà lórí itan ọmọṣẹ́ mi, ìbàdí mi sì rọ̀ sílẹ̀. Títí di òní, kò sí dókítà tó lè sọ fún mi bóyá ìṣubú yẹn ló ba ọ̀pá ẹ̀yìn mi jẹ́ tán tàbí bí wọ́n ṣe gbé mi. Ẹni tó bá já láti òkè, tàbí tí ọkọ̀ gbá, tó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a. Ẹ wá pákó gbọọrọ tàbí kí ẹ yọ ilẹ̀kùn. Kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pákó, kí ẹ sì fi aṣọ dè é mọ́ ọn kí ẹ tó gbé e. Pákó ló kún gbogbo ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó rántí pé a lè fi pákó gbé káfíńtà.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn mọ̀lẹ́bí mi ti mọ ohun tí dókítà sọ tipẹ́ kí èmi tó mọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi sọ fún ìyá mi, gbogbo wọn wá fẹnu kò pé kí wọ́n má tíì jẹ́ kí n gbọ́, kí ọkàn mi má bàa gbọgbẹ́. Èmi ń ro ìgbà tí màá padà sórí òrùlé, àwọn ń wo ojú ara wọn. Nígbà tí mo wá gbọ́, inú bí mi ju bí mo ṣe banújẹ́ lọ. Ara mi ni wọ́n ń jíròrò lé lórí, kò sì sẹ́ni tó pè mí sí ìpàdé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun kan náà ló tún ń ṣẹlẹ̀ títí, ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

A délé. Oníṣègùn egungun kan wá, ó fi ewé di ẹ̀yìn mi, ó gba owó. Wọ́n gbé mi lọ sórí òkè àdúrà kan, a gbààwẹ̀, a sì tún san owó níbẹ̀. N kò bú ẹnikẹ́ni o. Egungun apá tó kán, mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n tò tó sì jinná, àdúrà náà, mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó ni a tà láti fi san gbogbo rẹ̀. Ẹ má ta irinṣẹ́ ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò.

Lẹ́yìn èyí ni egbò dé.

Ẹni tí kò mọ ìdí ara rẹ̀ mọ́ kò lè mọ̀ pé òun ti jókòó pẹ́. Ẹ̀yin tí ara yín pé, bí ẹ bá sùn, ara yín á yí fúnra rẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀. Èmi wà lójú kan títí ilẹ̀ fi mọ́, egungun ìdí tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa ní kí a máa wá ojú tó bá pọ́n. Ara mi dúdú, kò pọ́n rí. Ohun tí ìyàwó mi rí nígbà tó ń nù mí lára ni ojú kan tó dúdú ju ìyókù lọ, tó gbóná díẹ̀, tó sì le lábẹ́ ìka. Ó fi òrí pa á. Kò pẹ́ tí awọ ibẹ̀ fi bó, kò pẹ́ sí i tí ó fi jin. Oṣù rẹpẹtẹ ni mo fi dojú bolẹ̀ kí ihò yẹn tó dí, n kò sì rí nǹkan mìíràn wò ju òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò náà ló là wá lóye. Ó ní ká máa yí mi ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án lóru. Ó ní kí ìrọ̀rí wà láàárín orúnkún mi àti lábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì, kí a sì máa fi ọwọ́ àti ojú wo gbogbo ibi tí egungun ti yọ ní àràárọ̀. Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fẹ́ túùbù ọ̀kadà, kí n máa jókòó sí àárín ihò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ní ká gbé e sọnù, pé etí túùbù ló máa dí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Fóòmù tó ki, tí kì í pẹ̀lẹ́bẹ̀ tí èèyàn bá jókòó lé e, ló ní ká rà. Bí mo bá sì ti wà lórí àga, kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí mi sókè lóòrèkóòrè. Ó ti di bárakú fún mi báyìí. Mo máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé á sì máa wò mí.

Wákàtí méjì-méjì rọrùn láti sọ. Ìyàwó mi ló ń ṣe é. Ó fi aago fóònù sí i, aago á ké, á dìde nínú òkùnkùn, á yí mi, á tún sùn, aago á tún ké. Iṣu ló ń tà lọ́jà. Ó ń lọ sóko lọ rà á láàárọ̀, ó ń rù ú, ó ń tò ó, ó tún ń padà wá gbé mi. Ẹ̀yìn tó ń ru iṣu láti ìgbà ọmọge tí kò ké rí, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹ̀yìn tó ń ké. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á kí mi, wọ́n á bá mi kẹ́dùn, wọ́n á wá yíjú sí i pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á san án fún yín." Wọ́n á jáde. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti jẹun.

Ohun kan tún wà tí n kò rí ẹni tó sọ ọ́ fún wa rí. Ìyá mi gún iyán lọ́jọ́ Sunday kan, inú wọn dùn nítorí pé mo ní ó wù mí jẹ. Wọ́n gbé àwo tánńganran lé mi lórí itan, iyán gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, mo sì jẹun tẹ́rùntẹ́rùn. Nígbà tí wọ́n gbé àwo kúrò, awọ itan mi bá a lọ. Àmì àwo yẹn wà níbẹ̀ lónìí, róbótó. N kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìyá mi kò gún iyán mọ́ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kí oúnjẹ gbígbóná, omi ìwẹ̀, ìkòkò eérú àti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà má ṣe kan ara tí kò mọ ooru. Tábìlì kékeré tàbí pákó kan lórí apá àga ti tó. Omi ìwẹ̀, ìgúnpá ni kí ẹ fi dán an wò.

Mo tún dín omi tí mò ń mu kù, kí rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ mi má bàa tètè kún, kí n má bàa yọ ìyàwó mi lẹ́nu. Ibà tó mú mi lẹ́yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ẹ máa mu omi.

Àga tí mo kọ́kọ́ ní, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àwa àkàndá ẹ̀dá láti ọdún 1992. Àwọn kan ta ìbòòji, wọ́n to àga sílẹ̀, wọ́n pe oníròyìn. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kò ní èrò ibi. Wọ́n gbé mi lé ọ̀kan, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, ó tán. Àga yẹn, bí mo ṣe fi téèpù wọ̀n ọ́n nílé, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20. Ìdí mi kò ju 15 lọ, mo ti rù. Nítorí náà mo ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀, egungun ìbàdí kan ń ru gbogbo ara, egbò mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Táyà iwájú rẹ̀ kéré, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ ilé ìwòsàn tó ń dán. Ilẹ̀ pupa wa tí àgbàrá ti fọ́ sí kòtò, kò lè rìn ín. Láti ẹ̀gbẹ́ táyà kan dé èkejì, ó lé ní ínṣì 27, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ìyẹn ínṣì 24. Èmi fúnra mi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn. N kò lè ka iye irú rẹ̀ tí mo ti kàn fún àwọn èèyàn káàkiri Ìkéré, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè fẹ́ fi táyà wọlé.

Ọmọṣẹ́ mi ló bá mi rí ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ lónìí. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ní Adó. Yàrá kan ni wọ́n ní, bẹ́ǹṣì àti àpótí irinṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyàwó, ìyá àti ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Àwọn méjì ló wá kí mi. Obìnrin kan ni, tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré, wọ́n so kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tó ń fọwọ́ yí sórí bọ́ọ̀sì gbé e wá. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin kan tí kò ríran, tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Ìkún-Èkìtì. Ìyá mi rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sáré wọlé lọ mú owó. Wọ́n rò pé báárà ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ yín la wá rí."

Ó sún mọ́ mi. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ máa fọwọ́ ara yín ṣe?"

Mo ní, "Mo fẹ́ rìn."

Ó ní, "Èmi náà fẹ́ rìn nígbà kan. Kí tún ni?"

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Mo ní mo fẹ́ máa yàgbẹ́ láìsí ìyá mi níbẹ̀.

Ó ní, "Èyí ṣeé ṣe," ó sì fa téèpù yọ nínú báàgì rẹ̀.

Lákòókò yìí, ọkùnrin kejì ní kí ìyàwó mi mú òun lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi fa ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Rárá, ìyàwó wa, ẹ má fà mí. Ẹ jẹ́ kí n di ìgúnpá yín mú, kí ẹ sì máa lọ níwájú, màá mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí." Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ó bi í léèrè pé, "Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú kẹ́yìn?" Ẹkún ni ìyàwó mi fi dá a lóhùn. Láti ìgbà tí mo ti já bọ́, n kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni àga ìyàgbẹ́. Wọn kò ṣe é fún mi o. Ọmọṣẹ́ mi kó igi wá, obìnrin yìí sọ gíga àti fífẹ̀ rẹ̀, èmi sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ayùn gé e. Àga onígi lásán ni, tó lágbára, tó ní apá méjèèjì, a gé ihò sí àárín, mo fi sándípépà họ etí ihò náà títí tí kò fi lè ha ara, a sì gbé e ka orí ṣalángá. Gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àga onítáyà dọ́gba, kí ènìyàn lè yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Èyí tí mo fi ń yọ́ náà, pákó ni: ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ní gígùn, ínṣì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ní fífẹ̀, tí a fá etí rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ, tí a sì fi vánííṣì kùn kó lè máa yọ̀ dáadáa. Orí kan wọ abẹ́ ìdí mi, orí kejì wà lórí ibi tí mò ń lọ, èmi á fi ọwọ́ tì ara mi kọjá. Láti ọjọ́ tí pákó yẹn ti wọlé, ìyàwó mi kò gbé mi mọ́. Pákó tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ṣe é, n kò ná kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ ó rí i pé kò sí dókítà nínú gbogbo èyí. Dókítà ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jókòó nílé ìwòsàn kó mọ bí ẹnu ọ̀nà yín ṣe fẹ̀ tó.

Ọ̀nà ẹnu ilé ló wá fún wa ní wàhálà. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé bí ibi tí ẹ fẹ́ gùn bá fi ínṣì kan ga, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ínṣì 12. Àtẹ̀gùn wa ga ní ínṣì 14, nítorí náà ọ̀nà gbọ́dọ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, àgbàlá wa kò sì tó bẹ́ẹ̀ kó tó kan gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ṣe é ní kúkúrú, pé àwọn á máa tì mí. Mo ní rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ tì mí kí n tó lè jáde nílé ara mi, kí ni mo ṣe ọ̀nà sí? A ká ọ̀nà náà ní àárín, a fi ojú pẹrẹsẹ kan sí ibi tó ti ká kí n lè yí àga níbẹ̀. Pákó ni a kọ́kọ́ fi ṣe é, òjò àkọ́rọ̀ sì sọ ọ́ di ibi tí gbogbo ilé ti ń yọ̀ ṣubú, àti ewúrẹ́ pàápàá. A tú u, a fi sìmẹ́ǹtì ṣe é, a sì fi ìgbálẹ̀ ha ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù kí táyà lè rí nǹkan dì mú. Ẹ fi etí gíga díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú, kí àga má bàa yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ní ti ìyàwó mi, ohun tí ẹgbẹ́ ṣe fún un ni pé lọ́jọ́ ọjà, ẹnì kan á wá wà pẹ̀lú mi. Ìyẹn nìkan. Yóò jáde láìwo aago. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá ní ọkàn rere, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ọmọ ọwọ́: ó ń bá mi ro tíì, ó ń bá mi dáhùn tí àlejò bá kí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e. Obìnrin ẹgbẹ́ yẹn pè é, ó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó, kó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò títí tí wọ́n á fi pè é. Ó kọ́ ọ. Ó ṣòro fún un ju gbígbé ìrẹsì lọ.

Àwọn olùtọ́jú tún ń dá èésú láàárín ara wọn, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé tí àwa tí wọ́n ń tọ́jú kì í lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sì yẹ kí n mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀. Ọkọ tó ń tọ́jú ìyàwó wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ìyá wà, ẹ pè wọ́n sí ìpàdé, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti áńgẹ́lì. Ní òpin ọdún kan, ẹnì kan fẹ́ kó ìrẹsì fún wa, ó ní kí a tò kí wọ́n ya wá ní fọ́tò. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò tipẹ́ pé a kì í ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tí kò gbà. Àwọn kan ní ebi kò mọ fọ́tò. Mo wà lára àwọn tó ní ká kọ̀ ọ́, a sì borí. Ìrẹsì gba ibòmíràn lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan sì bá a lọ, wọn kò padà wá. Títí di òní, n kò dá ara mi lójú. Èmi tí ìyàwó mi ń ta iṣu, tí mo ti padà ń kan tábìlì, ó rọrùn fún mi láti kọ ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ báǹkì ni kí n fi kún un, nítorí àwọn èèyàn ń bi mí. Ẹ mọ ilẹ̀kùn báǹkì wa, èyí tó rí róbótó, tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Àga kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òun á gbé mi wọlé, mo ní mo dúpẹ́, ta ni yóò gbé mi dé kọ́ńtà, ta ni yóò sì gbé mi jáde? Òṣìṣẹ́ kan wá bá mi nínú oòrùn, ó gba káàdì mi, ó ní kí n pe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún òun lójú gbogbo èrò. Ẹgbẹ́ bá mi kọ lẹ́tà. A kò bú wọn, a kò bẹ̀ wọ́n. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí a lè gbà wọlé, àti pé ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní oṣù Kíní 2024. A kọ fífẹ̀ àga mi sí i. A kọ ọ́ pé wọ́n ní ilẹ̀kùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gbà kó owó wọlé, a sì kọ fífẹ̀ òun náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn ni mò ń gbà báyìí. Ìbínú nìkan kò ní ṣí i. Ẹ mú téèpù dání.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìyá ìyàwó mi kú ní Ọ̀mùò, ìyàwó mi sì ní láti lọ sìnkú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sùn níta látìgbà tí mo ti ṣubú. Gbogbo èèyàn ló ní èrò lórí rẹ̀: kí wọ́n gbé mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, kí àbúrò mi obìnrin wá láti Èkó. Mo ní mo máa wà nílé mi. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ń yà wò mí ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ń sùn ní yàrá kejì, wọ́n sì ti gbà pé àwọn kò ní wọlé tí n kò bá pè. Ìyàwó mi ń pe fóònù ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ yín?" Mo ní mo ti jẹ, mo ti wò ó. Nígbà tó ṣe, ó dín pípè kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń sùn ṣáá.

Kí n tó lè dáná, mo ti yọ pẹpẹ ilé ìdáná wálẹ̀ láti orí ògiri, mo kàn án síbi tí ọwọ́ mi lè tó láti orí àga, mo to ìkòkò, epo, iyọ̀ àti ata sí i bó ṣe tẹ́ mi lọ́rùn. Mo se ẹ̀bẹ, mo jẹ ẹ́, ìdí ìkòkò jó díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń retí kó dé kó wá yìn mí. Ó dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ariwo ta. "Ta ló gbé iyọ̀ mi? Níbo ni ṣíbí ìrobẹ̀ mi wà? Ẹ̀yin lẹ kàn án wálẹ̀ báyìí, kí n máa tẹ̀ bí arúgbó nínú ilé ìdáná èmi fúnra mi?" Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì san tán. A jọ tún un kàn: pẹpẹ kan lókè fún un, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún mi, iyọ̀ sì wà lórí méjèèjì. Irú iṣẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ ń rán mi lọ ṣe nílé àwọn ẹlòmíì báyìí. Tí mo bá ti wọn ọwọ́ ẹni tó wà lórí àga tán, màá ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí n wọn tirẹ̀ náà, kí n tó kan ìṣó.